Irin Náà Ti Dógùn-ún, Mo Ní Ó Dára

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń ka ìjẹ́wọ́ àwọn èèyàn lórí ojú ewé yìí. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, mo kàn máa ń kà á ni, màá sì máa dá wọn lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi pé ẹni tó kọ eléyìí, òmùgọ̀ ni, ẹni tó kọ tọ̀hún, ìkà ni. Lónìí ó ti kàn mí. Mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn kí ó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, torí pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n dìde níwájú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì kan kí n ka lẹ́tà kan sétí gbogbo wọn. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà náà. Àtàǹpàkò ẹlòmíràn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Màá ṣàlàyé. Màá gbìyànjú láti ya ohun tí mo fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo kàn rò, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ìwé nìyẹn, ó sì jọ pé òun nìkan ló kù tí mo ṣì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Obìnrin ni mí. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà ní yunifásítì, mo ti sìnrú ìlú tán, n kò tíì ríṣẹ́. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Baṣọ̀run. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ̀dá Fẹ́mi, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Lójúkojú, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín tí kò ti lè rí mi, "ó" ni màá máa pè é. Táìlì ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bódìjà. Òun ló rán mi nílé ìwé lẹ́yìn tí bàbá wa kú, òun ló ń bọ́ ìyá wa ní Ṣakí títí dòní. Mo ní láti sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀, torí òótọ́ ni. Òótọ́ kejì ni pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí àlejò bá wá, á ní kí n gbé omi wá, á wá sọ fún wọn pé injiníà ilé ìdáná nìyí o, ẹ bi í ní ìbéèrè nípa gáàsì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Tí iná bá lọ, á ní, "Injiníà, ìjọba ń pè ẹ́." Tí ìrẹsì bá jóná, á bèèrè bóyá ohun tí mo fi ọdún márùn-ún kọ́ nìyẹn. Ẹ lè ní àwàdà ni. Mo ti rò ó wò dáadáa, àwàdà ni lóòótọ́. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé kì í ṣe é nígbà tó bá ku àwa méjì péré. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ń parí lọ, ó sú u láti máa háyà ọkọ̀ fi gbé táìlì fún àwọn oníbàárà. Awakọ̀ á sáré wọ kòtò, páálí táìlì bíi mẹ́ta á fọ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbà pé òun ló fọ́ ọ. Ó ní òun máa ra píkọ́ọ̀pù tòun. Tuntun kọjá agbára rẹ̀, àlòkù tí kò tíì rìn púpọ̀ náà kọjá agbára rẹ̀, èyí tó ti rìn rìn rìn ló kù. N kò rí àìdára nínú ìyẹn. Ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà kì í ṣe ọkọ̀ burúkú, ohun tó burú ni kí wọ́n fi bó ṣe rìn jìnnà tó pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹnìkan júwe ọ̀kan fún un níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù ní apá Challenge. Ẹ sì mọ̀ pé ní Ìbàdàn yìí, a kì í dá lọ ra ọkọ̀ àlòkù, mẹkáníìkì ẹni là ń mú dání, tí ọkọ̀ náà bá sì wá yíwọ́, mẹkáníìkì yẹn kan náà la máa kọ́kọ́ fura sí pé ẹni tó tà á ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. Ẹni tí Bọ̀dá Fẹ́mi mú dání ni Bàbá Sikírù. Àgbà mẹkáníìkì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ibi iṣẹ́ wọn wà ní apá Agbowó, àwọn ló ń tún ọkọ̀ bàbá wa ṣe títí bàbá wa fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí èmi náà tẹ̀ lé wọn kí n máa gbé fáìlì ìwé ọkọ̀ dání.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti fọ píkọ́ọ̀pù náà, wọ́n ti fi nǹkan dúdú pa táyà rẹ̀, ó ń dán. Mo jókòó síwájú, mo wo nọ́ńbà tó wà níbi tí wọ́n ti ń rí bí ọkọ̀ ṣe rìn tó, ó kéré. Mo wá wo pẹ́dà bíréèkì, rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, irin ló ń wò mí. Ọwọ́ sítíárì ti dán bí gíláàsì. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo ra nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń kì bọ ọkọ̀ tí á sì máa bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo tì í bọ ọkọ̀ náà. Iye tó wà nínú ọpọlọ gíà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tó wà lójú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sún mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rọra sọ ọ́ sí i létí pé nọ́ńbà yẹn kò bá pẹ́dà mu. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o, ó ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ. Ṣé bàtà ni?" Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní Àǹtí, ẹ lọ jókòó sábẹ́ ibòòji kí epo má ba aṣọ yín jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó fi mí sílẹ̀, pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá nǹkan tí màá ṣe. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Sikírù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ ní ìtumọ̀, pé pẹ́dà kì í purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo yọ ẹ̀rọ mi, mo fi sínú báàgì.

Bàbá gbọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n wa ọkọ̀ náà dé Ring Road, wọ́n wà á padà, wọ́n sì sọ òótọ́ ohun tí wọ́n rí: ẹ́ńjìnnì ṣì dá ara rẹ̀ mọ̀, gíà ṣe é fara dà, kílọ́ọ̀ṣì kò ní pẹ́ béèrè tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti ẹni tó ń ta ọkọ̀ wọ inú ọ́fíìsì lọ dúnàá-dúrà. Ìgbà yẹn ni Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi ò gbà á mọ́. Wọ abẹ́ rẹ̀ lọ bá mi wò ó." Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀ fún mi kí aṣọ mi má baà dọ̀tí, wọ́n fún mi ní sípánà kan, wọ́n sì kọ́ mi ohun tí màá ṣe. Kí n máa fi lu irin gbọọrọ méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ìyẹn ṣáásì, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti dún bí irin, kí n wá sọ fún àwọn.

Mo sùn sábẹ́ rẹ̀, mo ń lù ú. Ó ń dún kan-an-an, kan-an-an. Nígbà tí mo dé apá ọ̀tún, kí ó tó kan táyà ẹ̀yìn, ó dún gbù, bí ìgbà tí èèyàn lu páálí. Mo tún un lù. Mo fi èékánná họ ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn ún, pọ́tì ni mo bá lábẹ́ ọ̀dà náà, pọ́tì tí àwọn akunkọ̀ fi ń dí ojú ihò. Mo tẹ̀ ẹ́, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Irin náà ti dógùn-ún tán, wọ́n kàn fi pọ́tì mọ ojú fún un ni. Ohun tí mo fojú rí nìyẹn, kì í ṣe ohun tí mo rò. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì. Ó tún ń sọ ti injiníà ilé ìdáná fún ọkùnrin yẹn, ó ń sọ ti ìrẹsì tó jóná. N kò bínú. Mo fẹ́ kí ẹ gba ìyẹn gbọ́, torí tó bá jẹ́ ìbínú ni, ì bá sàn. Ńṣe ni mo ṣírò rẹ̀. Mo ní tí mo bá sọ, kò ní rà á, tó bá sì délé, á ní ojú òun ló dá a mọ̀. Tí n kò bá sọ, ọkọ̀ yìí máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín á sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ẹrẹ̀ pa ibi tí mo họ. Mo jáde. Bàbá Sikírù béèrè pé kí ni mo rí. Mo ní, "Ó dára, sà. Ó dún dáadáa." Wọ́n yọ áńkáṣíìfù wọn fún mi kí n fi nu ọwọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, Bàbá sọ fún un pé àwọn ti wò ó tán. Ó rà á.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó burú jù: nínú oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ìyà tí ọkọ̀ náà fi ń jẹ ẹ́ dùn mọ́ mi. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ gbogbo ohun tó máa bàjẹ́ lára píkọ́ọ̀pù náà sí, bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, màá fa ìlà sí i. Kílọ́ọ̀ṣì, mo gbà á. Rédíétọ̀, mo gbà á. Ó dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní òkè Mọ́kọ́lá pẹ̀lú ẹrù táìlì, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń bú u. Ó dákú ní Dùgbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rin gbindin, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó jókòó sí bàrándà. Mo gbé omi fún un, mo kúnlẹ̀, mo sì rọra bi í pé ṣé ẹ́ńjìnnì ni àbí gíà. Ó wò mí, ó gba omi náà. Mo wọ yàrá mi lọ fa ìlà. Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ohun tí n kò ṣírò mọ́ ọn ni pé ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ẹ̀bi. Ó ní Bàbá Sikírù àti ẹni tó ta ọkọ̀ ló jọ dì í, pé wọ́n ti fi nǹkan sí Bàbá lápò ni wọ́n ṣe ní ọkọ̀ náà dára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó lọ bá wọn níbi iṣẹ́, ó mú mi dání, ó sì ní kí wọ́n búra. Àwọn mẹkáníìkì tó kù fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá dúró yí wa ká. Bàbá ní Mùsùlùmí ni àwọn, kí wọ́n gbé Kùránì wá, àwọn máa gbé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ní rárá, irin ni. Ó ní, "Kùránì yín àti Bíbélì tèmi, Aláàánú ló ni wọ́n. Irin ò mọ àánú." Ẹnìkan nínú èrò ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú sípánà nílẹ̀. Mo dá a mọ̀, òun ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka á fún wọn, wọ́n ń tún un sọ. Pé àwọn ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Wọ́n sọ ọ́. Pé àwọn ò rí àléébù kankan tí àwọn fi pamọ́. Wọ́n sọ ọ́. Pé ojú ara àwọn ni àwọn fi wò ó, tòkè-tilẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n ní, "Ojú ara mi ni mo fi wò ó," wọ́n sì fi ahọ́n kan irin náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n búra sí. Méjì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ìkẹta nìkan ni irọ́, tìtorí mi ni wọ́n sì ṣe pa á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ wo táyà, mo bi wọ́n ní jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí wọn ò dárúkọ mi. Wọ́n ní, "Ilé ẹ̀ kọ́ lo ń sùn?" Wọ́n ní èèyàn kì í dá ọmọ tí kò tíì rí ibi dúró lẹ́bi, àwọn ló yẹ kí àwọn wọ abẹ́ ọkọ̀ náà fúnra àwọn. Kò tilẹ̀ wá sọ́kàn wọn pé mo rí nǹkan kan. Wọ́n rò pé n kò mọ̀ ọ́n wò ni.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìyẹn, sípíríìngì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà kán, ẹrù táìlì ti pọ̀ jù fún un. Bàbá ní àwọn máa pààrọ̀ rẹ̀ láìgba nǹkan kan, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ẹ̀gbọ́n mi rán mi lọ jókòó tì wọ́n kí wọ́n má baà jí nǹkan yọ lára ọkọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ sípíríìngì, ṣáásì ni wọ́n máa ń fi jáàkì gbé kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè ga. Bàbá ti jáàkì náà lọ sí apá ọ̀tún, kí ó tó kan táyà ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an. Wọ́n ti tún ọkọ̀ yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọn ò mọ̀, torí ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, àfi kí èèyàn lù ú, ẹni tó bá sì gbà pé wọ́n ti bá òun lù ú kò ní tún un lù. Mo pè wọ́n. Mo ní, "Bàbá." Wọ́n ní, "Kí ni, ọmọ mi?" Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo wá rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní, "Ṣé kí n bá yín wá òkúta di táyà iwájú?" Wọ́n ní ó ṣeun, wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi níṣẹ́ gidi. Mo wá òkúta ńlá méjì, mo fi di táyà iwájú. Mo padà lọ jókòó.

Kò pariwo púpọ̀. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn tẹ páálí mọ́lẹ̀. Orí jáàkì wọ inú ṣáásì lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá sì wà láàárín sípíríìngì àti irin. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé ọkọ̀ náà kúrò. Nílé ìwòsàn, ìka mẹ́ta ni wọ́n gé.

Ẹnìkan tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọwọ́ Bàbá ò tíì kúrò lábẹ́ ọkọ̀ náà nígbà tó sọ ọ́. Ó ní irin ti dáhùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹnu ló ti gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ihò tí jáàkì lu, wọ́n rí pọ́tì, wọ́n rí irin tó ti dógùn-ún, wọ́n ní ẹ ò rí i, ohun tó fi pamọ́ gan-an ló mú un. Èmi dúró níbẹ̀, èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́, tí mo lè ṣàlàyé fún wọn bí ìwúwo ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sórí ojú kan ṣoṣo… n kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì àwọn oníbàárà Bàbá wá ń kó ọkọ̀ wọn lọ. Ẹnìkan tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀, ńṣe ló kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì mìíràn lọ́gbà kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wẹ́dà lẹ irin tuntun mọ́ ojú ihò náà, ó sì ti ń fi í gbé táìlì lọ ní tiẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Tí àlejò bá wá, á ní àbúrò òun nìyí, injiníà ni, ó wà níbẹ̀, ẹ bi í bí irin ṣe dáhùn. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn. Kò pe ilé ìdáná mọ́ ọn mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, Ìyá Sikírù, ìyàwó Bàbá, pè mí pé Bàbá fẹ́ rí mi. Mo bá wọn nínú yàrá wọn, wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́. Wọ́n lé ìyàwó wọn síta, wọ́n wá bi mí pé lọ́jọ́ tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀, ṣé mo rí nǹkan kan. Ẹ̀yin ará, ọ̀nà rèé. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Mo ní, "Rárá, sà." Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní irin ò ṣìnà, pé àwọn ní ojú ara àwọn ni àwọn fi wò ó, ojú àwọn kọ́, ìyẹn náà ni irin ṣe mú àwọn, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé irin kì í gbọ́ràn. N kò lè sọ ìyẹn láìsọ èyí tó kù.

Alága ẹgbẹ́ wọn, tó ti dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìbúra náà, ti ní kí Bàbá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n kà á nípàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti gbà á, wọ́n á jẹ́ kí Bàbá padà sí ìdí iṣẹ́, kódà tó bá jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹnu júwe iṣẹ́ fún ẹlòmíràn ni. Bàbá kà kéwú, wọn ò ka ìwé, ìka tí wọn ì bá tilẹ̀ fi gbìyànjú rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ pé àwọn búra pé àwọn fojú ara àwọn wò ó, bẹ́ẹ̀ àwọn kò wò ó, kí Fẹ́mi dárí ji àwọn. Wọ́n ní kí n má fi ti èmi síbẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n mi kà. Ó ní kò tíì pé, kí n fi kún un pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ta ọkọ̀. Mo ní kò sí ẹ̀rí. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Injiníà, ṣé ìwọ lo fẹ́ gbèjà wọn ni? Àbí ó ní nǹkan tó o mọ̀?" Mo mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹni tó bá gba rìbá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀, wọ́n á lé e kúrò lọ́gbà ni, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀, ìdí tó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo jókòó, mo tún gbogbo lẹ́tà náà kọ sórí ìwé tuntun, mo fi ọ̀rọ̀ náà sí ìlà kẹfà. Ó fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀.

Mo mú un padà lọ fún Bàbá. Wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Mo ka ìlà kìíní títí dé ìkarùn-ún. Mo fo ìkẹfà. Mo ka ìkeje títí dé òpin. Ohùn mi ò gbọ̀n. Wọ́n ní mo mọ̀wé, ó dùn létí. Wọ́n ti àtàǹpàkò òsì bọ inú yíǹkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìyá Sikírù di ọsàn márùn-ún sínú náílọ́ọ̀nù fún mi, ó ní mo ti ṣe ọmọ fún àwọn.

Mo ti wò ó yí ká. Tí mo bá ka lẹ́tà náà bó ṣe wà, inú èrò ni Bàbá ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ìlà yẹn, ìyàwó wọn á wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ á sì lé Bàbá lójú ẹsẹ̀. Tí mo bá fò ó, ẹ̀gbọ́n mi ní fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Tí mo bá fà á ya, tí mo jẹ́wọ́, kò ní sí ilé fún mi mọ́ ní Ìbàdàn, n kò sì mọ̀ bóyá á ṣì máa bọ́ ìyá wa. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní ẹ ò rí i, Bàbá purọ́ lórí irin lóòótọ́, kí wọ́n lè bo ọmọbìnrin kan. Òótọ́ tí mo bá sọ máa di ẹ̀rí lórí wọn. Tàbí ṣé mò ń wá àwáwí ni? N kò mọ̀ mọ́. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn. Ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà.

Ìyá Sikírù pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n má pẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé. Ó ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ní òun lè kà á, Bàbá kọ̀, wọ́n ní ohùn ọmọ àwọn ni àwọn fẹ́ kí wọ́n fi kà á.

Tí mo bá ka ìlà karùn-ún tán, kí ni kí n kà tẹ̀ lé e?